Omi Inú Férémù Kẹ̀kẹ́: Ibi Tó Ń Gbà Wọlé, àti Ibi Tó Yẹ Kó Gbà Jáde

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tú ásù pẹ́dà kẹ̀kẹ́ mi, ìyẹn irin tí pẹ́dà fi ń yí, omi ló kọ́kọ́ kí mi. Kì í ṣe ẹ̀kán kan tàbí méjì o. Bí mo ṣe yí irin tó di bẹ́ríǹgì mú lápá òsì kúrò báyìí, omi pupa rúsúrúsú bí omi tíì dà sí mi lọ́wọ́, ó ń ṣàn bọ́ sílẹ̀, mo sì ń wò ó bí ẹni tí ẹ̀rọ omi fọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kẹ̀kẹ́ náà ti kan òjò gbẹ̀yìn. Mo sì máa ń nù ún dáadáa tí mo bá fọ̀ ọ́ tán. Lójú tèmi nígbà yẹn, irin tó ki láti òkè délẹ̀ ni férémù. Báwo ni omi ṣe fẹ́ dé inú irin?

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Férémù kò ki. Páìpù ni wọ́n jó mọ́ra wọn, inú wọn sì ṣófo bíi fèrè. Kí ohun tí mò ń sọ lè yé wa, ẹ jẹ́ kí n fún wọn lórúkọ. Páìpù òkè ni èyí tó máa ń wà láàárín itan yín tí ẹ bá dúró lórí kẹ̀kẹ́. Páìpù ìsàlẹ̀ ni èyí tó ti ọrùn kẹ̀kẹ́ (ibi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti wọ férémù) dà gẹ̀rẹ́ wá síbi pẹ́dà, òun ló sì sábà máa ń sanra jù. Páìpù ìjókòó ni èyí tí ọ̀pá sìítì ki ara bọ̀. Lẹ́yìn, ẹsẹ̀ méjì wà nísàlẹ̀, méjì wà lókè, àwọn ni wọ́n jọ di táyà ẹ̀yìn mú. Páìpù ìsàlẹ̀, páìpù ìjókòó àti ẹsẹ̀ méjì tó wà nísàlẹ̀ wá pàdé níbi àgbá kékeré kan tí ásù pẹ́dà gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdí férémù ni màá máa pe àgbá yìí, torí pé ibẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù. Lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún orí títì, ó sábà máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 rẹlẹ̀ ju ásù táyà lọ. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Omi tó bá gba òkè wọ férémù, ìdí ló ń lọ, ibẹ̀ náà ni bẹ́ríǹgì tó ń yí pẹ́dà sì wà.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé àwọn tó ṣe férémù gan-an ló dá ihò sí i. Tí wọ́n bá ń jó páìpù mọ́ páìpù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbóná, á sì fẹ̀. Tí kò bá rí ọ̀nà jáde, á máa ti irin tó ti yọ́ níbi ojú jíjó, ojú jíjó náà kò sì ní dán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń lu ihò kéékèèké síbi tí páìpù kan ti wọ òmíràn, àti nígbà míì sí ara ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nítòsí ásù táyà. Ẹ lọ fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó dáadáa, ẹ ó rí i: ihò tí kò ju orí ìṣáná lọ. Ẹlòmíì á rí i, á ní kẹ̀kẹ́ òun ti lu. Kò lu. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn.

Ṣé ìrì ni, àbí òjò?

Tí ẹ bá bi èèyàn mẹ́wàá ibi tí omi inú férémù ti wá, ó kéré tán mẹ́rin á ní ìrì ni: pé afẹ́fẹ́ inú páìpù máa ń tutù lóru, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á di omi, omi á sì máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, títí mo fi jókòó ṣírò rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo àpótí kan tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì ga ní mítà 1. Tí ooru bá wà ní 30°C, afẹ́fẹ́ inú àpótí yẹn lè gba ọ̀rinrin tó tó nǹkan bíi gíráàmù 30. Tí ooru bá wálẹ̀ sí 20°C, kò ní lè gbà ju nǹkan bíi gíráàmù 17 lọ mọ́. Gíráàmù 13 tó kù ló máa di ìrì. Àmọ́ lítà 1,000 ni àpótí yẹn gbà, férémù kò sì tó bẹ́ẹ̀ rárá. Páìpù ìsàlẹ̀ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀, kò gbà ju ìdajì lítà àti díẹ̀ lọ. Ká tiẹ̀ ṣàánú rẹ̀, ká ní gbogbo inú férémù jẹ́ lítà kan ààbọ̀. Ìrì tó lè so nínú rẹ̀ lóru ọjọ́ kan á jẹ́ gíráàmù 0.02. Ìyẹn ò tó ìdajì ẹ̀kán omi kan. Kó tó kún ṣíbí ìpotíì kan, á gba nǹkan bíi òru 250. Kó tó kún ife tó gba mílílítà 250, á lé ní ọgbọ̀n ọdún, ìyẹn tí a bá gbà pé kò sí ìkankan tó gbẹ lójú ọ̀sán, tí afẹ́fẹ́ mìíràn tó kún fún ọ̀rinrin sì ń wọlé lójoojúmọ́.

Mi ò sọ pé ìrì ò lè ṣe ohunkóhun. Ó lè mú kí inú irin tí kò ní ọ̀dà máa dípẹtà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé kẹ̀kẹ́ yín mì tí ẹ sì gbọ́ omi nínú rẹ̀, ẹ má fi ìrì gba ara yín sílẹ̀. Ihò kan ló gbà wọlé, ẹ sì lè rí ihò náà tí ẹ bá wá a.

Ẹ̀yìn sìítì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ká ní ibì kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ yẹ ibi tí ọ̀pá sìítì ti wọ férémù wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kí ojú yín bá ẹnu páìpù ìjókòó dọ́gba. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, ẹ máa rí ibi tí wọ́n fi ayùn là lára páìpù náà, ní gígùn ìdajì ìka. Wọ́n là á kí ẹnu páìpù lè fún mọ́ ọ̀pá sìítì nígbà tí a bá ń fún bọ́ọ̀tù ọrùn rẹ̀. Iṣẹ́ tó dáa ni. Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ni ojú lílà náà sábà máa ń kọ sí, táyà ẹ̀yìn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gangan. Tí ilẹ̀ bá tutù, táyà á máa bu omi nílẹ̀, á máa fi sọ ojú ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí. Omi náà á tẹ̀ lé ara ọ̀pá sìítì, á wọ inú páìpù, á sì bọ́ sí ìdí férémù tààrà, láìsí ohun tó dá a dúró. Èèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ tó tutù fún wákàtí méjì láìjẹ́ pé òjò kán sí i lára, kó sì gbé omi délé nínú férémù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe mí: mo ní n kì í gun kẹ̀kẹ́ nínú òjò, mi ò ka gígùn lẹ́yìn òjò sí nǹkan kan.

Mọ́dígáàdì ẹ̀yìn tó gùn dáadáa á yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tí ẹ ò bá fẹ́ mọ́dígáàdì, ẹ wá tíúbù àtijọ́ tó ti jò, ẹ gé bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lára rẹ̀ kó dà bí ìbọ̀wọ́ tí kò ní ìka, ẹ yọ ọ̀pá sìítì, ẹ kó rọ́bà náà sí i lára, ẹ dá ọ̀pá padà sáyè rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fa rọ́bà náà sọ̀kalẹ̀ títí á fi bo ẹnu páìpù àti ojú lílà mọ́lẹ̀. Kò lẹ́wà, mo gbà. Ṣùgbọ́n omi ò ní mọ ibi tí yóò gbà. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ máa ká a sókè, kí abẹ́ rẹ̀ lè gbẹ.

Àwọn kan tún wà tó máa ń yọ sìítì tọ̀pátọ̀pá tí wọ́n bá gbé kẹ̀kẹ́ síta, kí olè má baà gbé e lọ. Ọgbọ́n ni. Àmọ́ ẹnu páìpù tó là sókè ọ̀run yẹn, agbada òjò ni. Ẹ fi nǹkan dé e.

Kẹ̀kẹ́ tó gbóná máa ń fa omi mu

Èyí ni mo fẹ́ràn jù láti ṣàlàyé, torí pé ó máa ń jọ àsọdùn létí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ tó ti wà nínú oòrùn fún wákàtí mélòó kan, tí ara férémù ti gbóná tó 50°C. Ẹ da omi tútù lé e lórí kí ara rẹ̀ wálẹ̀ sí 25°C. Afẹ́fẹ́ inú páìpù á sún kì. Tí inú férémù bá jẹ́ lítà kan ààbọ̀, àyè tó máa ṣẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílílítà 100. Àyè náà ò ní wà lófìfo: férémù á fa nǹkan wọlé láti gbogbo ihò àti ojú tó là lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló wà lẹ́nu ihò, afẹ́fẹ́ ló máa fà. Tó bá jẹ́ omi ìfọkẹ̀kẹ́ ló bo ẹnu ihò, omi ni. Bí ìgò tó gbóná tí a dojú rẹ̀ dé sínú abọ́ omi ṣe máa ń mu omi sókè náà nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tutù níbòji kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́. Àkísà àti omi inú garawa tó fún iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi jáde, èyí tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò, ẹ má kọ ẹnu rẹ̀ sí ọrùn kẹ̀kẹ́, sí ẹnu páìpù ìjókòó tàbí sí ibi pẹ́dà. Rọ́bà tó bo bẹ́ríǹgì lè dá omi òjò dúró, kò lè dá irú omi yẹn dúró. Bákan náà ni kéèyàn so kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn tàbí orí mọ́tò kó sì sáré gba inú òjò kọjá. Eré mọ́tò á máa ti òjò náà wọ ibi tí kì í wọ̀ tí kẹ̀kẹ́ bá dúró. Tẹ́ ẹ bá wá so ó lódìkejì, táyà sókè, sìítì nísàlẹ̀, àwọn ihò abẹ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa tú omi jáde á wá di ẹnu tó là sókè.

Àwọn ọ̀nà tó kù kò pọ̀. Ihò bọ́ọ̀tù tí wọ́n fi ń de ohun ìgbómi (ohun tó ń di ìgò omi mú) mọ́ férémù ṣí wọnú páìpù. Tẹ́ ẹ ò bá lo ohun ìgbómi, ẹ fi bọ́ọ̀tù tó ní gírísì díẹ̀ dí i. Táyà iwájú máa ń ju omi sí abẹ́ ọrùn kẹ̀kẹ́, láti ibẹ̀ omi sì lè gba ihò inú ọrùn bọ́ sí páìpù ìsàlẹ̀. Lára kẹ̀kẹ́ ìgbàlódé tí wáyà bíréèkì àti ti gíà ń gba inú férémù, omi máa ń tẹ̀ lé wáyà wọlé bí èèrà ṣe ń tẹ̀ lé okùn. Ẹ rí i pé rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu ihò wáyà ṣì wà níbẹ̀, kò sì ya. Tí ẹ bá sì lè jẹ́ kí wáyà náà rọ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀ kó tó wọ ihò, omi á máa kán bọ́ níbi tó rọ̀ sí dípò kó bá a wọlé.

Kí ló wá burú nínú omi díẹ̀?

Ó sinmi lórí ohun tí wọ́n fi ṣe férémù. Tó bá jẹ́ irin, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ara páìpù irin kẹ̀kẹ́ kì í sábà nípọn ju mílímítà 1 lọ, àwọn tó dáa gan-an a tiẹ̀ máa fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín. Ìta ní ọ̀dà, inú ò ní. Omi àti afẹ́fẹ́ ni ìpẹtà nílò, méjèèjì sì wà nínú rẹ̀. Tí iyọ̀ bá tún wọ̀ ọ́, bóyá omi òkun tàbí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nílẹ̀ olótùútù, a jẹ́ pé wọ́n ti bu epo síná. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé: nígbà tí ọ̀dà bá fi wú bí ìléròrò lára páìpù nítòsí ìdí férémù, inú ibẹ̀ ti lè jẹ tán. Ibi tí omi ti ń dúró náà ni ìwúwo ẹni tó ń tẹ pẹ́dà máa ń gùn lé, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan.

Alúmíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin, èyí sì ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn sùn lọ. Òun náà ń jẹ, pàápàá níbi tó ti fara kan irin mìíràn tí omi wà láàárín wọn. Ìyẹ̀fun funfun tẹ́ ẹ máa ń rí ní ẹnu ihò bọ́ọ̀tù, òun nìyẹn. Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọ̀pá sìítì tó jẹ́ alúmíníọ̀mù há mọ́ inú férémù irin bí ẹni pé wọ́n jó o pọ̀. Mo ti rí ọ̀pá sìítì tó jẹ́ pé ayùn ni wọ́n fi gé e kúrò.

Kábọ́ọ̀nù, ìyẹn fọ́nrán dúdú tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, ò ní ìpẹtà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ègé alúmíníọ̀mù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, bí irú èyí tó gba bọ́ọ̀tù, máa ń jẹ tí omi bá so àwọn méjèèjì pọ̀, torí pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábọ́ọ̀nù, alúmíníọ̀mù ló máa ń jìyà. Bẹ́ríǹgì sì ń bẹ nínú gbogbo wọn. Bẹ́ríǹgì tó bá jókòó sínú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ké kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ohun yòówù kí wọ́n fi ṣe férémù.

Níbi tí otútù ti máa ń mú kí omi dì, ewu mìíràn tún wà. Omi tó bá dì máa ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó tín-ín-rín tí kò ní àbájáde ló wà, irin á wú tàbí kó la.

Òkè ni kẹ́ ẹ dí, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣí

Nígbà tí èèyàn bá ti gbọ́ gbogbo èyí, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni kó wá gọ́ọ̀mù tàbí téèpù, kó fi dí gbogbo ihò pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ dí férémù tí ẹnu páìpù ìjókòó àti ọrùn kẹ̀kẹ́ ò ní ṣẹ́ ojú kékeré kan kù. Ooru ọ̀sán àti òtútù òru á máa mí sínú rẹ̀, á máa mí síta, omi tó bá sì wọ̀ ọ́ ò ní rí ibi jáde mọ́. Férémù tí omi ń wọ̀ tó sì ń jáde sàn ju èyí tí omi wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó wá di ẹlẹ́wọ̀n nínú rẹ̀.

Ihò tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tó wà lábẹ́ ìdí férémù. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ló ní in. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, ẹ wo abẹ́ ibi pẹ́dà. Tí ike tó ń darí wáyà bá wà níbẹ̀, ihò náà lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀. Ẹrẹ̀ àti gírísì tó ti gan ló sábà máa ń dí i. Ẹ fi sípóòkù àtijọ́ kan ha á, ẹ má ti sípóòkù náà wọlé jìnnà kó má baà ha rọ́bà bẹ́ríǹgì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ha tèmi, ẹrẹ̀ dúdú kan jáde bí ọ̀rá, lẹ́yìn náà omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó. Ihò náà ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ra kẹ̀kẹ́. Èmi ni mi ò wo abẹ́ rí.

Tí kò bá sí ihò níbẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ férémù irin, atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó mọṣẹ́ lè lu ọ̀kan tó fẹ̀ ní mílímítà 4 sí àárín abẹ́ ìdí férémù gan-an. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ásù àti bẹ́ríǹgì kúrò, kó fáìlì etí ihò náà kó dán, kó sì fi ọ̀dà kùn ún kí ìpẹtà má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìdí férémù nípọn ju páìpù lọ, òun ló fi lè gba ihò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sára páìpù. Tó bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù, ẹ má lu ohunkóhun. Tó bá jẹ́ alúmíníọ̀mù, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Kẹ̀kẹ́ oníná tí bátìrì tàbí mọ́tò wà nínú férémù rẹ̀, ẹ fi lílu ihò sílẹ̀ pátápátá.

Ẹni tí kò ní ihò, tí kò sì lè lu ihò, á máa tú omi náà jáde láti ẹnu páìpù ìjókòó. Ó rọrùn, ó kàn ní ọgbọ́n kan nínú ni. Ẹ kọ́kọ́ fi téèpù wé ọ̀pá sìítì níbi tó ti wọ férémù, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tẹ́ ẹ máa dá a padà sí. Ẹ tú bọ́ọ̀tù ọrùn rẹ̀, ẹ máa yí sìítì sọ́tùn-ún sósì bẹ́ ẹ ṣe ń fà á sókè. Tó bá há, ẹ má lu ú. Ẹ fọ́n òróró tó ń wọ inú ìpẹtà sí ẹnu rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sun ibẹ̀ mọ́jú. Tó bá ti jáde, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú páìpù. Nígbà míì ẹ ó rí omi tó ń dán lábẹ́ bí ẹni wo kànga, nígbà míì òórùn ìpẹtà nìkan ni.

Wàyí o, ẹ má kàn dojú kẹ̀kẹ́ dé báyìí. Tẹ́ ẹ bá dojú rẹ̀ dé, omi tó wà nínú páìpù ìsàlẹ̀ á sá lọ sí ọrùn kẹ̀kẹ́, á sì jókòó síbẹ̀ títí ẹ ó fi dá kẹ̀kẹ́ dúró padà. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ gbé táyà iwájú sókè, kí kẹ̀kẹ́ dúró lórí táyà ẹ̀yìn bí ẹṣin tó fi ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn dúró. Páìpù ìsàlẹ̀ á tú tirẹ̀ sínú ìdí férémù. Páìpù ìjókòó, tó máa ń dagun sẹ́yìn díẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ bá wà nílẹ̀, á wá na gbalaja, ẹnu rẹ̀ á sì rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ìdí férémù lọ, bí ìgbà tí a bá dagun kẹ́tù kí omi lè tú. Ẹ mì ín díẹ̀. Omi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á gba ihò tó wà nítòsí ásù táyà, tí ihò náà ò bá dí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá kẹ̀kẹ́ dúró padà, ẹ fi ẹnu páìpù sílẹ̀ láìdé níbi gbígbẹ mọ́jú, kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́.

Kẹ́ ẹ tó dá ọ̀pá padà, ẹ nù ún, ẹ nu inú páìpù. Irin mọ́ irin, gírísì ni kẹ́ ẹ fi sí i. Tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù, ẹ lo ìpara oníyanrìn tí wọ́n ṣe fún kábọ́ọ̀nù, nítorí gírísì á jẹ́ kó máa yọ̀ wálẹ̀. Ẹ má sì fún bọ́ọ̀tù kọjá ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ń gùn ún lójoojúmọ́ nínú òjò á ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní férémù irin lè lọ síwájú díẹ̀. Àwọn òróró kan wà tí wọ́n ń fọ́n sínú páìpù, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí omi ò sì ní lè fara kan irin mọ́. Wọ́n ń fi ọ̀rá tó ń jáde lára irun àgùntàn ṣe òmíràn, àwọn àgbà oníkẹ̀kẹ́ sì máa ń lo òróró linseed (òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀) tí wọ́n ti sè. Ìgbà tí férémù bá wà nítúútúú, tí ásù pẹ́dà ti kúrò níbẹ̀, ló dáa jù láti ṣe é. Ẹ dà á gba ẹnu páìpù àti àwọn ihò kéékèèké, ẹ máa yí férémù káàkiri kó dé ibi gbogbo, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí èyí tó ṣẹ́ kù ṣàn jáde fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Tó bá ti gbẹ, ẹ tún ha ihò abẹ́ ìdí férémù, torí pé òróró náà lè dí i. Àkísà tẹ́ ẹ fi nu linseed, ẹ má ká a jọ sínú garawa tàbí kẹ́ ẹ jù ú sí kọ̀rọ̀. Bó ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, tó bá sì wà ní kíká jọ, ó lè gbaná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ síta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí á fi gan, kẹ́ ẹ tó dà á nù.